Ẹ̀wù Tí Mi Ò Ní Kí Alhájì Bọ́

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Sabon Gari ní Kano ló mọ̀ pé ẹnu mi mú. Hajarat lorúkọ mi, físíò ni mí ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Noman's Land, ó sì ti di ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń fi ọwọ́ mi yìí tọ́jú egungun àti iṣan àwọn èèyàn. Bí aláìsàn bá ti wọlé tó ní èjìká ń dun òun, a ò tíì kíra tán tí màá fi sọ fún un pé, "Ẹ bọ́ ẹ̀wù." Mo ti ní kí ọ̀gá ọlọ́pàá bọ́ ẹ̀wù, ó ń wò mí bíi pé kó tì mí mọ́lé, ó sì bọ́ ọ. Wòlíì ìjọ Aládùúrà kan sọ fún mi rí pé aṣọ àdúrà àwọn kì í kúrò lára àwọn lójú obìnrin. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ń ríran, Bàbá, èmi ò ríran. Bí mi ò bá rí èjìká yín, mi ò lè mọ ohun tó ń ṣe é." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ́ ọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò ní kó bọ́ ẹ̀wù rí, ẹni náà sì ni bàbá ọkọ mi.

Alhájì Yàhàyá lorúkọ wọn. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́yìn Ọjà Sabon Gari, wọ́n sì ti ń gé irun níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Sirajudeen ọkọ mi. Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sọ Hausa, ẹ ò ní mọ̀. Orí Hausa, orí Ìgbò, orí Yorùbá, gbogbo ẹ̀ ló ti kọjá lábẹ́ kílípà wọn. Ọjọ́ tó bá ku ọ̀la Sallah ni iṣẹ́ wọn máa ń pọ̀ jù, èrò á tò dé ojú gọ́tà, àwọn oníbàárà àtijọ́ ò sì ní gbà kí ẹlòmíì fọwọ́ kan orí àwọn. Ìyá ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Alhájì ń dá gbé yàrá tiwọn nínú ọgbà wa, èmi ni mo ń gbé oúnjẹ fún wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn, wọn ò jágbe mọ́ mi rí. "Ìyá Salmah" ni wọ́n ń pè mí, torí ọmọ wa obìnrin.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, mo gbé tùwó lọ bá wọn, mo rí i pé ọwọ́ òsì ni wọ́n nà sí mi láti gba abọ́. Alhájì, tó jẹ́ pé wọ́n lè torí ọwọ́ òsì lé ọmọ jáde nílé. Wọ́n ní kí n má bínú, èjìká ọ̀tún ń dun àwọn. Ẹnu wọn ṣì là, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, èmi ti já a gbà.

"Kílípà ni, Alhájì," mo ní. "Ó lé ní ogójì ọdún tẹ́ ẹ ti ń gbé apá sókè. Ó ti há ni. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n ní, "Ó ṣeé ṣe."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rò pé ó ń ṣe wọ́n. Egungun apá ní orí roboto kan lókè, inú èjìká ló ń yí sí. Egungun mìíràn bo orí yẹn bí òrùlé. Àárín àwọn méjèèjì ni okùn iṣan tó ń gbé apá gbà kọjá. Ẹni tó bá ń gbé apá sókè lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àyè yẹn lè há mọ́ ọn, kí òrùlé máa ha okùn iṣan náà. Ọwọ́ la fi ń tọ́jú irú ẹ̀, iṣẹ́ tí mo sì mọ̀ jù nìyẹn. Èjìká tó há tí mo ti tọ́jú ní Kano yìí pọ̀ ju irun orí mi lọ, kí Ọlọ́run má kà á sí ìgbéraga.

Ojoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Alásàrí, Alhájì á jókòó sórí àga kékeré ní fàráńdà, èmi á dúró lẹ́yìn wọn. Màá fi ọwọ́ kan di èjìká mú, màá fi èkejì fa orí egungun apá yẹn wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí àyè lè wà lókè ẹ̀. Màá tì í sẹ́yìn díẹ̀, màá tún fà á. Màá fi àtàǹpàkò wá iṣan tó ti le níwájú àyà, màá tẹ̀ ẹ́ títí á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà màá di egungun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká mú, màá máa yí i kó lè rántí bó ṣe ń rìn. Gbogbo ẹ̀ pátá, orí jalabíà ni mo ti ń ṣe é. Síńgílẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ jalabíà náà, nígbà tí ọyẹ́ sì dé, súwẹ́tà gun orí ẹ̀.

Mi ò ní parọ́ pé mi ò rò ó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "Ẹ bọ́ ẹ̀wù" ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Ìyàwó ilé wo ló máa dúró ní fàráńdà, tí á ní kí bàbá ọkọ òun bọ́ra sílẹ̀ lójú òun? Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sìn mí wá sílé ọkọ, ìyá mi fi ẹnu sí etí mi pé bàbá ọkọ mi ni bàbá mi, kí n má ṣe wò wọ́n lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi mọ èjìká tó fi jẹ́ pé aṣọ ò lè dí i lọ́wọ́. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí ìka mi bọ́ sínú nǹkan kan lẹ́yìn èjìká wọn. Mo rò pé aṣọ ló ká, mo fà á kó tẹ́jú, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Mi ò sì ṣí fáìlì fún wọn. Fọ́ọ̀mù kan wà níbi iṣẹ́ wa tí gbogbo aláìsàn gbọ́dọ̀ dáhùn: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ ṣubú, ṣé ẹ gbọ́ tí nǹkan dún, ṣé apá náà lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ fọ́ọ̀mù náà. Mi ò bi Alhájì ní ìkankan nínú ẹ̀, torí ará ilé mi ni wọ́n, mo ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Tí mo bá bi wọ́n pé báwo lara, wọ́n á ní, "Ó ti dáa, Ìyá Salmah. Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ." Tí mo bá sì yà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á nawọ́ sí mi níwájú àwọn oníbàárà pé, "Ìyàwó ọmọ mi nìyí, òun ló ń tọ́jú mi." Orí mi á wú. Mo rí i pé wọ́n ti ń fi ọwọ́ òsì gbé ìgúnpá ọ̀tún dúró kí kílípà tó lè dé orí èèyàn. Mo rí i pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ àga oníbàárà kúrú. Mo ní ọgbọ́n àgbà ni.

Nínú oṣù kọkànlá, Salmah gbé omi lọ fún bàbá àgbà ẹ̀ ní yàrá, ó sá padà wá bá mi ní ilé ìdáná. Ọmọ ọdún méje ni. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Hausa ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀. "Mama," ó ní, "akwai rami a bayan kafaɗar Kaka." Ó ní kòtò wà lẹ́yìn èjìká bàbá àgbà òun.

Mo fa etí ẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ láti máa wo ara àgbàlagbà kó tún máa ròyìn ẹ̀ kiri. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń sọ pé, "Da gaske nake, Mama," òun ò parọ́. Mo ní kó dákẹ́ ẹnu ẹ̀, kó lọ ṣe iṣẹ́ iléèwé ẹ̀.

Ní ìparí oṣù kìíní, àbúrò mi bímọ ní Ìlọrin, mo gba ọjọ́ mẹ́wàá láti lọ bá a tọ́jú ọmọ. Agùnbánirọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa níbi iṣẹ́, Ọpẹ́ lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ìkàrẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, kò gbọ́ Hausa ju "sannu" lọ. Mo sọ fún Alhájì pé kí wọ́n máa yà lọ́dọ̀ ẹ̀ ní Noman's Land kí ìtọ́jú wọn má baà já. Mo tún fi ìka mi kọ́ Ọpẹ́ bó ṣe máa fa apá náà, bíi pé wọn ò kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, Ọpẹ́ tẹ̀ lé mi wọ yàrá ìtọ́jú, ó ti ilẹ̀kùn. Ìwé kan wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ọ̀rọ̀ Bàbá ni. Nígbà tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù, mo rí i pé…"

"Nígbà tí wọ́n ṣe kí ni?"

"Nígbà tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù, mà."

"Ta ló ní kí wọ́n bọ́ ọ?"

"Èmi ni, mà. Mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bọ́ ẹ̀wù.' Wọ́n ní kí n bá àwọn fa apá ọ̀tún, mo bá wọn fà á."

Mo bi í bóyá wọ́n bínú. Ó ní rárá, wọ́n tiẹ̀ ń bi òun léèrè nípa Ìkàrẹ́. Ó wá sọ ohun tó rí fún mi. Ẹ̀yìn èjìká ọ̀tún ti jẹ wọnú, ẹran tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti gbẹ. Ó ní òun di apá wọn mú, òun yí i síta, òun ní kí wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Bí òun ṣe jọ̀wọ́ ẹ̀ báyìí, apá náà ṣubú padà sí ikùn wọn fúnra ẹ̀. Ó ní òun ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

"Wọ́n sì ṣubú, mà," ó ní. "Nínú oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní òjò rọ̀, pákó orí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù yọ̀, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gba ara wọn. Wọ́n ní ó dún pó."

Mo yarí. Mo bi í bóyá òun ló fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́, èmi tí mo ti ń tọ́jú èjìká nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé. Mo bi í pé ta ló ní kó máa fọ̀rọ̀ wá baba mi lẹ́nu wò. Ó tẹ́ ìwé ọwọ́ ẹ̀ síwájú mi. Fọ́ọ̀mù mi ni, ó ti kọ ọ́ látòkè délẹ̀ pẹ̀lú bíírò aláwọ̀ búlúù. "Ó wà nínú fọ́ọ̀mù, mà," ó ní. "Ìbéèrè kejì ni."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn. Ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ ni ohun tí ọmọ yẹn ń sọ. Okùn iṣan tó há máa ń roni, àmọ́ kì í jẹ́ kí apá ṣubú bẹ́ẹ̀, kì í sì í gbẹ́ kòtò sẹ́yìn èjìká láàárín oṣù mélòó kan. Iṣan tó já ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi sì ti ń fa apá tí iṣan ẹ̀ ti já, ojoojúmọ́, fún oṣù mẹ́rin. Mo rántí etí Salmah.

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, mà," Ọpẹ́ ní. Ó rò pé ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, ìyẹn sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Wọ́n ya àwòrán èjìká náà, èmi dúró síta. Sirajudeen bá wa lọ rí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ egungun. Dókítà yẹn gbé àwòrán sójú iná, ó bi Alhájì pé ta ló ti ń tọ́jú wọn bọ̀. Alhájì na ọwọ́ òsì sí mi, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn. "Ìyàwó ọmọ mi nìyí, òun ló ń tọ́jú mi. Físíò ni." Dókítà wò mí. Èmi wo bàtà mi. Ó ní kí Alhájì lọ sinmi díẹ̀ níta.

Ó sọ fún èmi àti Sirajudeen pé iṣan ńlá méjì ti já, wọ́n ti sún sẹ́yìn, ẹran wọn ti ń di ọ̀rá. Tí òun bá rán an báyìí, òwú ò ní ríbi dì mú. Ó ní ká ní wọ́n gbé wọn wá láàárín oṣù kan sí méjì tí wọ́n ṣubú, òun ìbá rán an, ó sì ṣeé ṣe kó mú. Sirajudeen bi í pé kí ló wá fà á tí kò fi tètè hàn. Dókítà tún wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ká àwòrán náà, ó ní, "Ọjọ́ orí ni. Ó máa ń fara pamọ́ lára àgbà."

Ó fi bò mí láṣírí ni. Mi ò bẹ̀ ẹ́, àmọ́ mo gbà á. Níta, Sirajudeen fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ìyá Salmah, o ti ṣe tìẹ. Ọlọ́run á san ẹ́ lẹ́san." Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹnu mi là, ohun tó jáde níbẹ̀ ni, "Àmín." Ó ní ká má tíì sọ ohun tí dókítà wí fún Alhájì, kó má baà wó wọn lulẹ̀, ká kàn ní kí wọ́n sinmi. Mo gba ìyẹn náà.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn ń jẹ mí níyà, mi ò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Nírọ̀lẹ́, tí mo bá gbé kunu àti kósáí síwájú Alhájì kí wọ́n fi ṣínu, wọ́n á kọ́kọ́ ṣàdúrà fún mi. Wọ́n á ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ tó ń tọ́jú mi yìí rọ láéláé." Màá sá padà sí ilé ìdáná. Ó yẹ kí ọwọ́ náà rọ. Lójú ìrun, tí mo bá ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí etí pé Ọlọ́run tóbi, mo máa ń rántí pé ìkan péré ni bàbá ọkọ mi lè gbé débẹ̀. Mo bẹ Salmah. Mo ní kó má bínú, òótọ́ ló sọ. Ó bi mí bóyá wọ́n máa dí kòtò náà.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la Sallah, mo kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo gba ṣọ́ọ̀bù Alhájì lọ. Mi ò tíì pinnu nǹkan kan, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ. Èrò ti tò dé ojú gọ́tà. Oyèyẹmí, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn láti kékeré, tó ti di bàbá ọmọ mẹ́ta báyìí, ló ń gé irun. Alhájì jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn lọ́rùn. Mallam kan tó ń pa ẹran lọ́jà, tí wọ́n ti ń gé irun ẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ogún ọdún, dúró síwájú wọn, ó lóun ò ní jókòó fún Oyèyẹmí.

Alhájì dìde. Wọ́n gba kílípà, wọ́n fi ọwọ́ òsì ti ìgúnpá ọ̀tún lẹ́yìn, wọ́n gbé e. Ó dé àyà, ó kọ̀, kò kọjá ibẹ̀. Wọ́n tún gbé e, wọ́n fọwọ́ òsì tì í títí kílípà fi kan etí Mallam, ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ó sì jábọ́. Kílípà ń dún lórí ilẹ̀. Alhájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n mú un, wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tújú ká.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," wọ́n fi Hausa sọ fún Mallam. "Ìyàwó ọmọ mi nìyí, òun ló ń tọ́jú mi. Tó bá fi máa di Sallah Babba, èmi fúnra mi ni màá gé e fún ọ."

Oṣù méjì àti díẹ̀ ló kù kí Sallah Babba, ìyẹn Iléyá, dé. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo ní mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nínú.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń kírun sí, kọ́tìnnì ló pín in. Alhájì jókòó sórí àpótí. Èmi ò dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Alhájì, èmi ni mo ba ọwọ́ yín jẹ́."

"Ṣé Ọpẹ́ sọ fún ẹ pé mo ṣubú?" wọ́n ní. "Ìṣubú yẹn ló bà á jẹ́."

"Ìṣubú ló já a. Dókítà ní tí wọ́n bá tètè rán an, ó lè mú. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀. Ká ní ẹlòmíì ló wá bá mi, ọjọ́ kìíní ni ǹ bá ti mọ̀. Mi ò bi yín bóyá ẹ ṣubú. Mi ò ní kẹ́ ẹ bọ́ ẹ̀wù. Mo ń fa apá tó ti já fún oṣù mẹ́rin, mo ń gba àdúrà lórí ẹ̀."

Kílípà Oyèyẹmí ń kùn lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Ṣé ó máa gbé kílípà kó tó di Sallah Babba?"

"Rárá, Alhájì."

"Lẹ́yìn Sallah Babba ńkọ́?"

"Rárá. Ìrora máa lọ. Ẹ ó lè fi jẹun, ẹ ó lè fi fọ ara. Mo lè kọ́ àwọn iṣan tó ṣẹ́ kù kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò ní gbé kílípà dé orí èèyàn mọ́."

Wọ́n wo ọwọ́ náà lórí itan wọn. Wọ́n ṣí ìka ẹ̀, wọ́n pa á dé. "Sirajudeen mọ̀?"

"Ó mọ̀ pé kò ní gbé kílípà mọ́. Kò mọ̀ pé èmi ni."

"Ó ń dùn mí," Alhájì ní. Ohùn wọn ò gbé sókè. "Nígbà tí o bá ń fà á. Ojú mi máa ń ṣókùnkùn nígbà mìíràn."

"Ẹ máa ń ní ó ti dáa."

"Kí ni kí n wí? O ti ibi iṣẹ́ dé, o ò tíì mu omi, ọ̀dọ̀ mi lo kọ́kọ́ wá. Ṣé kí n wá sọ fún ìyàwó ọmọ mi pé ọwọ́ ẹ ń dùn mí?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ sọ fún ẹ pé mo ṣubú. O ti sọ pé kílípà ni. Mo ní o ti mọ̀ ju èmi lọ. Ọmọ agùnbánirọ̀ yẹn ní kí n bọ́ ẹ̀wù, mo bọ́ ọ. Ká ní ìwọ lo sọ ọ́, ǹ bá bọ́ ọ. Mo ti dàgbà, Hajarat. Kí ló tún wà lára mi tí mò ń fi pamọ́?"

Wọn ò pe orúkọ mi rí láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti délé wọn. Mo ń sunkún, mo ń sọ pé kí wọ́n dárí jì mí.

"Màá dárí jì ẹ́," wọ́n ní. "Torí Ọlọ́run, màá dárí jì ẹ́. Kì í ṣe lónìí. Lónìí, inú ń bí mi. Inú sì ń bí mi sí ara mi náà. Sọ fún ọkọ ẹ fúnra ẹ, èmi ò ní bá ẹ sọ ọ́." Wọ́n wá gbé ọwọ́ òsì sí ọrùn kaftánì wọn, wọ́n ń tú bọ́tìnnì. "Dìde. Wá wò ó."

Mo dìde. Mo fẹ́ bá wọn fa apá ọ̀tún, wọ́n kọ̀.

"Èyí tó dáa ló ń kọ́kọ́ jáde," wọ́n ní. "Ọpẹ́ ló kọ́ mi."

Gbogbo aláìsàn mi ni mo máa ń kọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kìíní. Mo bọ́ apá òsì, mo gbé e gba orí wọn kọjá, mo wá rọra yọ apá ọ̀tún. Mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì náà. Mo yí sẹ́yìn wọn. Èjìká òsì kún, ó rí bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ti ọ̀tún, kòtò náà gùn, ó jìn, egungun yọ ṣóńṣó lókè ẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò mi sí i, ó wọlé dé oríkèé. Ibẹ̀ gan-an ni ìka mi ti bọ́ sí lọ́jọ́ tí mo ní aṣọ ló ká.

"O ti rí i?" Alhájì ní.

"Mo ti rí i, Alhájì."

"Bá mi wọ ẹ̀wù. Èrò ń dúró."

Mo kọ́kọ́ ki apá ọ̀tún bọ ẹ̀wù. Wọ́n dìde, wọ́n ká kọ́tìnnì, wọ́n jáde. Wọ́n sọ fún Mallam pé kó jókòó fún Oyèyẹmí, ọwọ́ àwọn ò ní gé irun mọ́. Mallam dúró pẹ́ kó tó jókòó. Alhájì lọ sẹ́yìn àga, wọ́n fi ọwọ́ òsì di orí ẹ̀ mú kó má mì, ọwọ́ ọ̀tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mallam rí mi tí mò ń nu ojú lẹ́bàá kọ́tìnnì. Ó bi Alhájì pé ṣé dókítà wọn nìyí.

"Surukata ce," Alhájì ní. Ìyàwó ọmọ mi ni.

Mo dúró kí n gbọ́ èyí tó kù, èyí tí wọ́n ti ń sọ fún gbogbo ayé láti oṣù kẹwàá. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n tẹ orí Mallam síwájú díẹ̀, wọ́n ní kí Oyèyẹmí bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí.